Ààtàn Àwọn Baba Wa àti Ààtàn Tiwa

Ní ọjọ́ kejì Ìdúpẹ́ Ìkórè kan, àwa àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mú ìgbálẹ̀, a sì jáde láti gbá àgbàlá ìjọ. Àsè náà ti dùn, oúnjẹ ti pọ̀, àlejò sì ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó jẹ tí ó sì mu ni ó fi ẹ̀rí jíjẹ àti mímu rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Kí iṣẹ́ náà lè di ẹ̀kọ́, a ní kí àwọn ọmọ pín ohun tí a gbá sí òkìtì mẹ́ta. Òkìtì kìn-ín-ní jẹ́ ti ewé, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti egungun. Òkìtì kejì jẹ́ ti agolo, ìgò àti ìwé. Òkìtì kẹta jẹ́ ti ọ̀rá àti ike: ọ̀rá omi mímu, ọ̀rá tí a fi se mọ́ín-mọ́ín, abọ́ fóòmù, àti ṣíbí tí a fi jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a lè rí ohun tí yóò dé bá olúkúlùkù wọn.

Ewúrẹ́ àti adìyẹ ni ó kọ́kọ́ dé ìdí òkìtì kìn-ín-ní. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìyókù rẹ̀ kò kún apẹ̀rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń ra ìgò àti irin kiri kó òkìtì kejì, wọ́n sì san owó díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Òkìtì kẹta nìkan ni kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀. Ní òru ọjọ́ karùn-ún òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò bá òkìtì náà níbẹ̀ mọ́. Ó ti bá àgbàrá lọ sínú gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti dí i pa, omi sì ti ya wọ ilé ìyá opó kan tí ń gbé ní ìsàlẹ̀. Ìyá náà kò wá sí àsè wa, nítorí àìlera kò jẹ́ kí ó lè jáde. Síbẹ̀ pàǹtí àsè wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ba ẹní àti aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ojú tì wá gidigidi. Bí a ti ń bá a gbọ́n omi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi wá pé: “Bàbá, àwọn baba ńlá wa náà jẹun, wọ́n sì ṣe àsè. Níbo ni wọ́n ń da tiwọn sí?” Ìbéèrè náà ni a fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí, nítorí a gbà pé ẹni tí ó bá mọ bí pàǹtí ṣe pọ̀ sí i nínú ilé wa yóò mọ bí a ti lè dín in kù.

Àwọn baba wa ní ààtàn. Kò sí ìlú Yorùbá kan tí kò ní i. Ṣùgbọ́n ohun tí ń dé orí ààtàn wọn kò pọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé ní ilé wọn, ohun tí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ kì í kú. Orúkọ ni í pààrọ̀. Ìkòkò tí ó bá fọ́ kì í ṣe ìkòkò mọ́, ó di àpáàdì. Àpáàdì ni a fi ń gbé ẹyin iná láti ilé kan lọ sí òmíràn, nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Igbá tí ó bá là, a óò dá ihò sí i létí, a óò sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Bí kò bá ṣeé rán mọ́, ó di páńkàrá, páńkàrá ni a sì fi ń kó ilẹ̀. Aṣọ tí ó gbó di àkísà, àkísà di òṣùká lórí ẹni tí ń ru ẹrù. Ọkọ́ tí ó jẹ tán padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì jáde bí ọ̀bẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìdáná. Èèpo iṣu jẹ́ ti ewúrẹ́. Èérí tí ó kù nínú asẹ́ lẹ́yìn tí a ti sẹ́ ògì jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn, omi tí ó kan lórí ògì ni a sì fi ń rẹ àgbo. Ẹ wo igi ọ̀pẹ: lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, ìhá tí ó kù di ohun ìdáná, òun ni a sì fi ń ṣe ògùṣọ̀, èèpo èkùrọ́ bọ́ sínú iná alágbẹ̀dẹ, ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbá ilẹ̀ náà, ara imọ̀ ọ̀pẹ ni a ti fà á yọ. Nígbà tí iná bá sì kú, eérú rẹ̀ kò tí ì parí iṣẹ́. Àwọn obìnrin wa a máa da omi gba inú eérú, wọ́n a sì fi omi náà se epo tàbí àdín di ọṣẹ dúdú. Àwọn aláró pẹ̀lú a máa fi omi eérú rẹ ewé ẹ̀lú. Nígbà tí kòkó di ohun ọ̀gbìn ní ilẹ̀ wa, èèpo kòkó náà di eérú ọṣẹ.

Ní ti ohun tí a fi ń di ọjà, ewé ni. Ewé eéran àti ewé gbòdògì ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín. Ewé ni a fi ń di obì, ewé ni a fi ń di ọṣẹ. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó ní, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. A lè fi kún un pé, bí ewé bá pẹ́ lára ilẹ̀, a di ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ààtàn àwọn baba wa kì í fi ga títí. Ibi tí ààtàn bá ti gbó ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀, níbẹ̀ ni a sì ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pàǹtí ilé jáde, ó sì padà wọlé bí ọbẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ nípa èyí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò ni a ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò kàn da àpáàdì náà sílẹ̀. Wọ́n tò ó ní ìdúró, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ọnà tí ó tẹ́ ojú lọ́rùn, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ kún un ní ibòmíràn. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀, bí Frank Willett tí ó wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti bá àwọn ère idẹ pàdé níbẹ̀ ní ọdún 1957, àti Peter Garlake tí ó wa ilẹ̀ ní ibòmíràn ní Ifẹ̀ kan náà lẹ́yìn 1970, fi hàn pé iṣẹ́ náà ti pẹ́ gidigidi. A lè fi í sí àárín nǹkan bí 1100 sí 1400. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé ní ayé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni a tẹ́ àwọn ọ̀nà náà. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé àwùjọ tí ó dá ère idẹ tí gbogbo ayé ń yìn lónìí kò ka àfọ́kù ìkòkò sí ohun tí kò yẹ kí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba.

A kò gbọdọ̀ fi ìtàn tan àwọn ọmọ wa jẹ, bí ẹni pé ohun gbogbo ni ó dára ní ayé àtijọ́. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé ń rùn. Eṣinṣin a máa ti ibẹ̀ wá sórí oúnjẹ, eku a sì máa sin ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ìletò kékeré, ìpalára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú kún tí ilé sì fara kan ilé, ọ̀ràn náà yí padà. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri wọ ìlú Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún àdúgbò Èkó kọ́. Ìgbà náà ni iṣẹ́ àwọn wolé-wolé gbilẹ̀. Wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń yẹ inú àmù wò bóyá tànwíjí wà níbẹ̀, wọ́n ń bèèrè ibi tí a da ilẹ̀ sí, wọ́n sì ń pe ẹlẹ́gbin lẹ́jọ́. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di olórí dókítà ìmọ́tótó ìlú Èkó, wà lára àwọn tí ó sa ipá wọn nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà tí ó bá wọn láyé kò gbàgbé ìbẹ̀rù wọn.

Àǹfààní ni wọ́n ṣe fún wa, a kò sì lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa, ààbọ̀ ni a mú. A kọ́ bí a ti ń gbé pàǹtí jìnnà sí ilé. A gbàgbé bí àwọn baba wa ti ń dín in kù kí ó tó kúrò nílé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti da ilẹ̀ rẹ̀ sí ojú títì rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun òyìnbó ni ó kó pàǹtí bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a rò. Nígbà tí ohun òyìnbó kọ́kọ́ dé, àwọn ènìyàn wa fún un ní orúkọ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Agolo tí epo fìtílà wà nínú rẹ̀ di garawa tí a fi ń pọn omi; agolo mílíìkì di òṣùwọ̀n ìrẹsì lọ́jà, àwọn onírin a sì máa fi ṣe fìtílà; ìgò ọtí di ìgò epo pupa. Ní Bídá, ní ilẹ̀ àwọn Tápà aládùúgbò wa, àwọn oníṣẹ́ tí à ń pè ní Masaga a máa yọ́ àfọ́kù ìgò nínú iná, wọ́n a sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìwé ìròyìn pẹ̀lú, láti ìgbà tí Ìwé Ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìran rẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alákàrà fi rí nǹkan di àkàrà. Kì í ṣe ibi tí nǹkan ti wá ni ó sọ ọ́ di pàǹtí, bí kò ṣe bóyá a rí iṣẹ́ kejì fún un.

Ọ̀rá ni ó ṣẹ́gun wa. Ní ọdún 1933, ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ṣàdédé rí ohun kan bí ìda nínú ohun èlò iṣẹ́ wọn. Láti inú ohun náà ni a ti ń ṣe ọ̀rá. Ní 1965, Sten Gustaf Thulin ti ilẹ̀ Sweden gba ẹ̀tọ́ lórí àpò ọ̀rá oníkòó tí a mọ̀ lónìí. Ó fúyẹ́, kò gbówó lórí, omi kì í sì í wọ inú rẹ̀. Ta ni kò ní gbà á? Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ó dára náà ni ó mú kí ó burú. Ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́ lè kú. Ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. Láti nǹkan bí 1990 sókè, nígbà tí omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà dé, ẹni kan ṣoṣo lè sọ ọ̀rá púpọ̀ nù láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, kí ó má sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọ ilé láìní orúkọ kejì.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún kọjá bèbè rẹ̀, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ilé sì ti sún mọ́ odò jù. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a ti ń dà sínú odò láti ọjọ́ pípẹ́ wà lára ohun tí ó dí ọ̀nà omi. Ní Èkó, ààtàn ńlá ti Olúṣòsùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992, wà ní ẹ̀yìn ìlú nígbà kan. Ìlú dàgbà títí ó fi yí i ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná mú un, èéfín sì bo àwọn tí ń gbé ní àyíká rẹ̀. Ibi tí a pè ní ọ̀nà jíjìn ti di àárín ilé.

Ìjọba kò dákẹ́. Nígbà ìjọba ológun ti 1984 sí 1985, a sọ Sátidé ìkẹyìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó; ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ fóòmù tí a fi ń bu oúnjẹ tà. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í dúró sí ilé ìdáná láti wo ohun tí ìyàwó ilé ń dà nù, bẹ́ẹ̀ ni kì í bá ọmọ lọ sọ́jà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ohun márùn-ún tí ìtàn yìí kọ́ wa, èyí tí olúkúlùkù ilé lè ṣe láìná owó púpọ̀.

Èkíní: kí a tó ra ohun kan, kí a bèèrè orúkọ kejì rẹ̀. Bí kò bá ní, tí a sì lè ṣe láìsí i, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Èkejì: kí a máa mú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò lọ sọ́jà, àti ìgò fún epo, àti abọ́ fún ẹran, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ẹni tí ó bá mú àpò kan lọ sọ́jà fún ọdún kan ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá.

Ẹ̀kẹta: kí a má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́. Iṣu tí a sá ni ó di èlùbọ́, ilá tí a sá ni ó di òrúnlá, ẹ̀gẹ́ ni ó di láfún. Ọgbọ́n àìfiṣòfò ni ó bí oúnjẹ tí a fẹ́ràn jù. Olúwa wa pàápàá, lẹ́yìn tí Ó ti bọ́ 5,000 ọkùnrin, ní kí a ṣa àjẹkù jọ, ó sì kún agbọ̀n 12.

Ẹ̀kẹrin: kí a gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀yìnkùlé fún èèpo, ewé àti ilẹ̀ gbígbá nìkan, kí a sì máa bu erùpẹ̀ bò ó nígbàkúùgbà tí a bá da nǹkan sí i, kí eṣinṣin àti eku má baà rí ààyè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan yóò di ilẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ fẹ́ràn. Báyìí ni a ó fi ẹ̀kọ́ baba wa àti ẹ̀kọ́ wolé-wolé ṣe ọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún: kí a máa ya agolo, ìgò àti irin sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà á, kí a máa tún ohun tí ó ṣeé tún ṣe, kí a sì máa kó ọ̀rá tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ jọ ní gbígbẹ, sínú ohun tí ó ní ìdérí, títí ọkọ̀ akólẹ̀ yóò fi dé. Gọ́tà kì í ṣe ààtàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè dán òkìtì mẹ́ta náà wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún òjò bí a ti ṣe. Ẹ̀bi tiwa ni, àwa tí a sì ra ọ̀rá náà fún àsè ni a tún ń kọ́ni nípa rẹ̀.

Ní Ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbà láti fi ewé pọ́n mọ́ín-mọ́ín. A gbé àmù omi mẹ́rin sí abẹ́ igi, a sì ní kí olúkúlùkù mú ife rẹ̀ wá láti ilé. Àwọn kan kùn, wọ́n ní à ń dá wọn padà sí ayé àtijọ́. Àwọn kan gbàgbé ife wọn, a sì ní láti yá wọn ní ife. Nígbà tí a gbá ilẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òkìtì kẹta ṣì wà, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kan gbà á.

A rán àwọn ọmọ méjì pẹ̀lú oúnjẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá opó náà. Ó gba oúnjẹ, ó súre fún wọn, ó sì rẹ́rìn-ín pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí ni àsè tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ mi.” Àwọn ọmọ náà jẹ́ iṣẹ́ fún wa bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mú ewé mọ́ín-mọ́ín ìyá náà bọ̀, wọ́n dà á sínú kòtò ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì bu erùpẹ̀ bò ó.